Orí, Ẹsẹ̀ àti Orúnkún Tó Gan

Nínú èrò Yorùbá nípa ohun tí ènìyàn jẹ́, orí nìkan kò tó. Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, ka ẹsẹ̀ mọ́ ohun tí a fi dá ènìyàn: orí ni a yàn lọ́run, ẹsẹ̀ ni akitiyan tí orí fi ń dé ibi tó ń lọ. Bí ara bá fara pa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán mọ́. Èwo ni ti kádàrá nínú ìwòsàn, èwo sì ni ti aláìsàn fúnra rẹ̀?

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní èsì tirẹ̀. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1966, nígbà tí ilé ìwòsàn UCH tó wà ní Oríta Mẹ́fà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó ṣí.

Láti rí èsì náà, kí a mú ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní Challenge, ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú POP, eegun ti so pọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ti gan, ẹran itan sì ti joro. Wọ́n á fi táwẹ̀lì kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kó etí táwẹ̀lì náà méjèèjì lé e lọ́wọ́: òun ni yóò máa fà á, tí gìgísẹ̀ yóò máa wọ́ bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òógùn á bò ó. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lè tì í lẹ́yìn, ó lè wọn ibi tí orúnkún tẹ̀ dé, àmọ́ kò lè bá a ṣe akitiyan náà.

Bí ó bá wá ń dùn ún ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìkìlọ̀ ni ìrora? Bí ọgbẹ́ bá ṣì tutù, ìkìlọ̀ ni. Èyí tó bá kọjá oṣù mẹ́ta, tó di bárakú, lè yàtọ̀: ẹran ara ti lè jinná tán kí iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ ṣì máa pariwo, bí ajá tó ń gbó nígbà tí olè ti lọ tipẹ́. Oníṣòwò Dùgbẹ̀ tó fi oṣù mẹ́rin dùbúlẹ̀ nítorí ẹ̀yìn dídùn kàn ń sọ ẹ̀yìn náà di ọ̀lẹ ni. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ tó ń pọ̀ sí i ló ń kọ́ ara pé ewu ti kọjá. Àwọn ẹbí tó ń gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ pé kó sinmi, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn akitiyan rẹ̀, ni wọ́n ń gbà.

Èrò yìí léwu o. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti akitiyan, ẹni tí kò san á di ọ̀lẹ lójú aráyé. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ pa kì í jí mọ́. Èyí tó kù ló ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Agbówó, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú. Níbí ni a ti ń dá ti orí padà fún orí. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í ṣèlérí ara àtijọ́. Ó ń bi aláìsàn léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹnìkan á ní kí òun lè wọ ọkọ̀ Micra láìjẹ́ pé wọ́n gbé òun, òmíràn á ní kí òun lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ òun, bàbá àgbà kan á sì ní kí orúnkún òun tẹ̀ dé ibi tí òun á fi lè forí kanlẹ̀ nírun.