Iye Tí Ó Tọ́ sí Iṣẹ́ Ọwọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń ná ọjà lójoojúmọ́ kì í sábà bi ara wa, nítorí a rò pé a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ẹni méjì bá dúnàádúrà, tí wọ́n sì fẹnu kò sí iye kan, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú ẹnì kejì, ǹjẹ́ a tún lè sọ lẹ́yìn náà pé a rẹ́ ọ̀kan nínú wọn jẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíá pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbà, ó ti gbà. Èmi kì í yára dáhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sì fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ìwọ òǹkàwé kéré púpọ̀: ohun ìṣeré ọmọdé ni, kò sì ga ju ìgò òògùn ikọ́ lọ.

Ní Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó (kì í ṣe Ṣáṣá ti Ìbàdàn, èyí tí àwọn oníṣòwò tòmátì mọ̀), a máa ń rí àwọn ọmọbìnrin nínú ìsọ̀ kéékèèké lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń ta káàdì ìpè àti bísíkíìtì, tí ọwọ́ wọn kì í sì í dilẹ̀ bí oníbàárà kò bá sí. Òwú wà lórí itan wọn. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja, wà láàrin ìka wọn. Kúróṣè ni wọ́n ń hun. Wọ́n ń fi í hun fìlà, àpò, àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n ti ń fi í hun ohun ìṣeré pẹ̀lú, ọ̀kan nínú irú àwọn ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Arárá ọkùnrin kan ni, onírùngbọ̀n funfun, tí fìlà rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ dé imú tí kò fi sí ojú kankan lára rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní gnome. Paracelsus, oníṣègùn ará Switzerland tí ó kú ní ọdún 1541, ti kọ̀wé nípa irú wọn pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ó sì di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Jámánì ń fi amọ̀ mọ wọ́n láti gbé wọn sí ọgbà òdòdó. Nínú àwòrán tí ń ti òkè òkun wá, a sábà máa ń fi èso pupa kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáṣá kò tọ́ wò rí ṣe fìlà arárá náà. Ọmọbìnrin ìsọ̀ yìí kò tẹ̀lé wọn. Àgbálùmọ̀ ni ó fi ṣe fìlà tirẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tí ó ti gbó. Ó sì fi òwú funfun ya ìràwọ̀ sí i lára, nítorí pé bí a bá la àgbálùmọ̀ ní ìbú, bí ìràwọ̀ ni inú rẹ̀ ṣe ń rí. Mo fẹ́ràn èrò yìí gidigidi.

Bí a bá ń wá ìbátan arárá yìí ní ilẹ̀ tiwa, egbére ni ọkàn mi lọ sí. Àwọn baba wa ní ènìyàn kúkúrú ni egbére, pé ẹní kan wà ní abíyá rẹ̀, àti pé ẹkún ni ó ń sun kiri inú igbó. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di ọlọ́rọ̀, bí ó bá lè fara da ẹkún egbére, tí yóò tẹ̀lé e délé tí kò sì ní dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n fi í sí ìkáwọ́ rẹ ná.

Ìyá àgbà kan dúró ní ìsọ̀ náà, ó ń wá ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ mi, èló ni ọmọlangidi yìí?”

“Ẹ káàsán, mà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Òwú lásán yìí? Èló ni jálẹ̀?”

“Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá, mà.”

“Ẹgbẹ̀rún méjì ni n ó fún ọ. Ṣebí eré ọwọ́ ni? Bí o bá jókòó lásán láti àárọ̀, ta ni yóò fún ọ ní kọ́bọ̀?”

Ọmọbìnrin náà wo ojú títì, ó wo ohun tí ó hun, ó sì ní, “Ẹ mú un wá, mà.” Ìyá àgbà sanwó, ó sì súre fún un kí ó tó lọ: “Ọjà á tà o.” Má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Tọkàntọkàn ni ó fi súre náà.

Nísinsìnyí, mú pẹ́ńsù àti ìwé rẹ. Ikùn arárá náà rí roboto. Ojú òwú 6 ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní òrùka kan. Ìlà kejì jẹ́ 12, ìkẹta jẹ́ 18, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi mẹ́fà mẹ́fà pọ̀ sí i títí yóò fi di 36 ní ìlà kẹfà. A ó hun ìlà mẹ́fà mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 36. Lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: 30, 24, 18, 12, 6, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pa dé. Ojú 432 nìyẹn. Fìlà rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lókè, nítorí náà ìlà méjì méjì ni a hun lórí iye kọ̀ọ̀kan láti 6 dé 36, ó sì jẹ́ ojú 252. Imú rẹ̀ jẹ́ 6, 12, 12 àti 6, èyí tí í ṣe 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 720, a kò sì tíì ka irùngbọ̀n, ewé orí fìlà, àti ìràwọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá dé ojú 10 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12 ni yóò lò fún híhun nìkan. Ṣùgbọ́n ó ní láti máa kà á bí ó ti ń lọ, nítorí bí ojú kan bá sọnù, gbogbo rẹ̀ yóò wọ́. Ó ní láti tú èyí tí kò dára, kí ó ki inú rẹ̀ le, kí ó sì rán wọn pọ̀. Jẹ́ kí a pè é ní wákàtí mẹ́ta.

Kí a ní òwú àti ohun tí a kì sí inú rẹ̀ ná an ní ₦1,500. Nínú ₦2,000 tí ó gbà, ₦500 ni ó kù fún wákàtí mẹ́ta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kéré jù lọ yóò jẹ́ ₦85,000. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 láàrin oṣù, wákàtí 8 lójúmọ́, owó wákàtí kan kò dín ní ₦480. Owó tí ọmọbìnrin wa gbà fún wákàtí mẹ́ta, bóyá ni ó fi ju ti wákàtí kan lọ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ẹnì kan lè ní kí ó lọ ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wo? Híhun oní-abẹ́rẹ́ méjì ti ní ẹ̀rọ láti ọdún 1589, nígbà tí William Lee ṣe èyí tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti kúróṣè kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní láti wọ inú ojú tí a ti hun tẹ́lẹ̀, kí ó fa òwú jáde, kí ó sì parí ojú kan kí ó tó kan èkejì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan ti ń gbìyànjú láti ṣe irin tí yóò lè ṣe é, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kò tíì fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ hun ọjà títà. Nítorí náà, ojúlówó kúróṣè tí o bá rí, ìbáà jẹ́ ní ìsọ̀ olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí lórí igbá ní Ìkọ̀tún, ọwọ́ ènìyàn ni ó hun ún, ojú kan lẹ́yìn ojú kan.

Iṣẹ́ yìí ti gba ẹ̀mí là rí. Nígbà tí àrùn ba ọ̀dùnkún jẹ́ ní ilẹ̀ Ireland láti ọdún 1845, tí ìyàn sì pa nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn àti àwọn ìyàwó ọlọ́lá kọ́ àwọn obìnrin tálákà ní kúróṣè. Léèsì tí wọ́n hun kọjá sí ọrùn àwọn ọlọ́rọ̀ ní ìlú ńláńlá, ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi owó rẹ̀ jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ òyìnbó gbà wọlé. Anna Hinderer, tí ó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Nígbà tí ìjọ C.M.S. sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí a kọ́ wọn. Lójú tèmi, ohun ọ̀ṣọ́ fún ẹni tí yóò di ìyàwó ilé ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí ju iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ, mo sì fura pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà “eré ọwọ́” ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti dé Ìsẹ́yìn kí ó pe aṣọ òkè ní òwú lásán lójú ẹni tí ó hun ún.

Jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè wa. Agbẹjọ́rò ìyá àgbà yóò ní: ọmọbìnrin náà lè kọ̀. Òtítọ́ ni, ó lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò tíì rí owó ìrẹsì alẹ́, tí ó ti jókòó láti òwúrọ̀ tí kò sí ẹni tí ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kò dúró ní ibi kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lè rìn lọ kí nǹkan kan má ṣe é. Gbígbà rẹ̀ fi hàn pé ₦500 sàn ju òfo lọ. Kò fi hàn pé ₦500 ni ó tọ́ sí i.

Síbẹ̀ n kò lè dá ìná-ọjà lẹ́bi. Bí a ti ń gbé pọ̀ ni. Nígbà tí ìyá kan bá wo ata tí ó ní, “Ata yìí ti rọ jù,” òun àti aláta jọ mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ogún aláta ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo ọjà ni ó sì mọ iye tí a ń ta ata lónìí. Ẹ̀gàn náà kò lè ṣe aláta ní nǹkan, nítorí iye ọjà wà láti tako irọ́ inú rẹ̀. Ta ni yóò tako irọ́ tí a pa mọ́ arárá onífìlà àgbálùmọ̀? Kò sí ẹlòmíràn tí ń ta irú rẹ̀ ní ọ̀nà náà. Ọmọbìnrin náà nìkan ni ó mọ wákàtí tí ó lò. Bí ẹni mẹ́wàá bá sì ti sọ fún un pé òwú lásán ni, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Níhìn-ín ni mo ti rí ẹ̀bi ìyá àgbà, ju nínú iye tí ó san lọ. Kò pọn dandan fún un láti ra ọmọlangidi. Bí ó bá kọjá lọ, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí owó rẹ̀ kò bá sì ju ₦2,000 lọ, ó lè sọ pé, “Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dára, ṣùgbọ́n owó mi kò tó,” kí ọmọbìnrin náà sì mọ̀ pé òun ń ṣe é lóore bí òun bá gbà. Ṣùgbọ́n láti mú wákàtí mẹ́ta ẹni lọ, kí a sì tún pe wákàtí náà ní àìríkan-ṣèkan! Ó gba ẹní egbére, kò sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ rárá.

Ẹni tí ń hun nǹkan náà ní ẹ̀bi tí ó lè jẹ. Bí ó bá dá iye méjì lé ọjà rẹ̀ kí a lè ba à já, a jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ purọ́, ìdáhùn irọ́ sì ni ẹ̀gàn tí ó gbọ́. Bí ó bá fi òwú jíjẹrà kún inú arárá nítorí pé ojú kò rí i, kò ní ẹnu láti fi bèèrè owó wákàtí. Ọmọbìnrin Ṣáṣá yìí ì bá ṣe dáadáa ká ní ó fèsì pé, “Mà, ojú òwú 720 ni mo kà sí i.” Bóyá ìyá àgbà yóò rẹ́rìn-ín. Bóyá yóò sì tún un gbé, kí ó wò ó.

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ yìí, bí o bá rí irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ, bẹ̀ ẹ́ kí ó yá ọ ní abẹ́rẹ́ àti òwú díẹ̀. Jẹ́ kí ó kọ́ ọ ní òrùka àkọ́kọ́, ojú mẹ́fà, kí o wá máa bọ̀ láti ìlà kan dé èkejì láìjẹ́ kí ọ̀kan sọnù. Bí o bá parí ìlà kẹfà, ojú 126 ni ìwọ yóò ti hun, kò sì tíì ju ìsàlẹ̀ ikùn arárá lọ. Ìgbà náà ni kí o tó bi í ní iye tí ó ń ta odindi.