Ta Ni Ó Pa Obìnrin Náà?

Ọ̀ràn kan ń bẹ tí àwa ń fẹ́ gbé síwájú àwọn ará wa ní oṣù yìí, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ lè wí pé ti àwọn oníṣègùn ni, kì í ṣe ti ìjọ Ọlọ́run. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, nígbà tí òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel, Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílínì ní ọdún 1928, pa ìtàn kan ní Stockholm. Ọ̀fun ń dun ọkùnrin kan. Ó ra pẹnisílínì, ó sì lò ó díẹ̀, èyí tí kò tó pa kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n tí ó tó láti kọ́ ọ ní agídí. Ó kó o ran aya rẹ̀. Ó di òtútù àyà. Pẹnisílínì kò lè wò ó mọ́, obìnrin náà sì kú. Fleming bèèrè pé ọrùn ta ni ikú yìí wà? Ó dáhùn pé ọrùn ọkọ ni.

Àpèjúwe lásán ni nígbà náà. Ní 1959 a mú methicillin jáde nítorí àwọn kòkòrò tí pẹnisílínì kò lè pa mọ́. Ní 1961, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ti rí èyí tí òun pẹ̀lú kò lè pa. Ilé ìwòsàn ni ibùgbé wọn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn aláìlera péjọ sí, tí ojú ọgbẹ́ ṣí sílẹ̀, tí ọwọ́ kan náà sì ń ti orí ibùsùn kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tí ó ṣírò ikú ọdún 2019 ní gbogbo ayé wí pé irú àrùn tí kò gbóògùn yìí pa nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn, àti pé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ó ti wúwo jùlọ.

Ẹni tí ó ń lo irú oògùn wọ̀nyí sí ọ̀fìnkìn, èyí tí wọn kò lè wò rárá, tàbí tí ó ń da ẹ̀lọ̀ tetracycline sójú egbò, yóò wí pé, “Owó mi ni mo fi rà á.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó ti kọ́ ní agídí kì í gbé ara rẹ̀ nìkan. Ó lè bá a lọ kí abiyamọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Òfin Mose kò bèèrè èrò ọkàn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó: bí màlúù ẹlòmíràn bá kó sínú rẹ̀, òun ni yóò san án. Màlúù sì ni èyí!

A lè dá wa lóhùn pé ẹni tí ó gbẹ́ kòtò rí kòtò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fojú rí kòkòrò. Àwa gbà bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ ń dín ẹ̀bi kù. Aláìní tí owó rẹ̀ tán sórí hóró mẹ́rin nínú mọ́kànlélógún tí dókítà kọ fún un, àwa kò ní ẹnu láti pè é ní apànìyàn. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tí omi wà níwájú rẹ̀ tí kò wẹ ọwọ́ kò ní àwáwí. Bí kò bá sì sí omi, ẹ̀bi náà kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó fà á wá. Ṣùgbọ́n kí ni àwa yóò wí nípa ìjọ tí ó lè dáwó aṣọ ìkórè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí opó inú rẹ̀ kò sì rí owó hóró mẹ́tàdínlógún ìyókù? Àwa ń fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ gbé èyí yẹ̀ wò kí wọn tó yan aṣọ ti ọdún yìí.