Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé: Ta Ni Ó Ni Òfin Ìgbéyàwó?

Bismillahir-Rahmanir-Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní akọ àti abo, tí Ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọkùnrin yín, obìnrin yín, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí láàárín ara wa bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ìtàn ìjọ Ànábì Lúútù wà nínú Al-Kùráánì. Ọmọ kéú tí ó bá ti ka Suratul-A'raf mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa yàtọ̀ sí èyí, ó sì le jù ú lọ. Nínú gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí àga àṣẹ, ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ará ìlú pé èyí ni ìgbéyàwó, èyí kì í ṣe ìgbéyàwó? Ṣé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, àbí ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, àbí àwọn adájọ́? Ẹni tí ó bá rò pé ìbéèrè yìí kò kan òun nítorí pé òfin tí ó wà nílẹ̀ lónìí bá òun lára mu, kí ó fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin ìgbéyàwó tirẹ̀. Títí di ọdún 2015, ìpínlẹ̀ mìíràn gbà kí ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin, ìpínlẹ̀ mìíràn kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn dá ẹjọ́ tí à ń pè ní ẹjọ́ Obergefell. Adájọ́ mẹ́sàn-án ni ó jókòó. Márùn-ún sọ pé kò sí ìpínlẹ̀ tí ó lè kọ̀ ọ́ mọ́. Mẹ́rin ní kò rí bẹ́ẹ̀. John Roberts, olórí àwọn adájọ́ náà, wà lára àwọn mẹ́rin yìí. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ará ìlú ni ó yẹ kí ó pinnu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe adájọ́. Bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ṣe mú kí òfin rí bákan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ èyí, a ní kò yẹ kí adájọ́ ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kan náà ni ó jókòó lórí ẹjọ́ Loving ní ọdún 1967. Nígbà náà, òfin ìpínlẹ̀ Virginia ni pé aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn, ìpínlẹ̀ 15 mìíràn sì ní irú òfin yìí. Àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni ó ṣe é. Adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò, wọ́n wọ́gi lé e. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà o. Àwọ̀ ara kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ohun tí mo ń sọ ni pé àga kan náà ni ó ṣe ohun tí a yìn àti ohun tí a bú. Bí a bá yin àga nígbà tí ó bá tiwa mu, tí a sì bú u nígbà tí kò bá tiwa mu, a kò tíì sọ ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó lé e. Ìfẹ́ inú wa ni a sọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ẹ wo Creek Road wa yìí, láti Apapa títí wọ Ajegunle. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹ lè bá Yorùbá tí Ìmáàmù so yìgì rẹ̀, ẹ lè bá Ijaw tàbí Urhobo tí ó san owó orí ìyàwó níwájú ẹbí, kí ẹ sì bá Ìgbò tí ó gba ìwé ìgbéyàwó ní kóòtù. Òfin mẹ́ta ni ó ń gbé lábẹ́ òrùlé kan yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 mọ èyí. Nínú àkójọ àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 61 fi ìgbéyàwó àti ìtúká rẹ̀ sí ọwọ́ Àbújá, ṣùgbọ́n ó yọ ìgbéyàwó abẹ́ òfin Islam àti ti ìbílẹ̀ sọ́tọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìgbéyàwó kóòtù ni ti Àbújá. Yìgì kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún náà, àwọn Sẹ́nétọ̀ dìbò láti yọ gbólóhùn kan kúrò nínú ìwé òfin, èyí tí ó ka obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ sí ẹni tí ó ti tó àgbà. Sẹ́nétọ̀ Ahmed Sani Yerima láti Zamfara dìde, ó ní nọ́ńbà 61 kò gba Sẹ́nétì láyè láti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Islam. Wọ́n tún ìbò náà dì, iye tí ó fẹ́ yọ ọ́ kò sì pé 73 tí òfin bèèrè. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní òótọ́ ni ó sọ, kí Àbújá mú ọwọ́ kúrò nínú yìgì wa.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, ilé ìgbìmọ̀ kan náà parí iṣẹ́ lórí òfin tí ó lòdì sí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tí ó bá wọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 ni fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Òfin náà dárúkọ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti túmọ̀ ìgbéyàwó, ó ka ìgbéyàwó abẹ́ òfin Islam mọ́ ohun tí òun ń túmọ̀. Níbo ni nọ́ńbà 61 wà ní ọjọ́ náà? Inú wa dùn sí ohun tí òfin náà sọ, a kò sì bèèrè ẹni tí ń sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bí Àbújá bá lè túmọ̀ yìgì lónìí nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ wa, kí ni a óò wí lọ́jọ́ tí ó bá ní yìgì ẹni tí ó ní ìyàwó kan sílé kì í ṣe yìgì mọ́? Kí ni a óò wí bí àwọn aṣòfin mìíràn bá dé ní ogún ọdún sí i, tí wọ́n ní kí Ìmáàmù so ohun tí Ọlọ́hun kò so? A kò ní lè sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́, nítorí a ti jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ náà fún wọn nígbà tí ó ṣe wá ní àǹfààní.

Ṣé kí ó wá jẹ́ ti ìpínlẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí híjáàbù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ní kí àwọn ọmọbìnrin wa má ṣe lò ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìkẹjà dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2014, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní ọdún 2016. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún dá wọn láre. Ìpínlẹ̀ ni ó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ wa, adájọ́ Àbújá ni ó dá a padà. Ẹni tí ó bá jẹ ẹran yìí kò gbọdọ̀ bú ẹni tí ó pa á.

Ohun tí àwọn aṣáájú wa ṣe

Àwọn aṣáájú wa nínú ẹ̀sìn ti bá irú ìṣòro yìí pàdé nígbà tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn abọnà ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Majuus, a máa fẹ́ ìyá àti ọmọ wọn. Ó wà nínú Bukhari pé Khalifa Umar ọmọ Khattab kọ̀wé ní ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀ pé kí wọ́n tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká. Lẹ́yìn èyí, Khalifa Umar ọmọ Abdul-Aziz, tí ó jọba láti ọdún 717 sí 720, bèèrè lọ́wọ́ Hasan al-Basri pé èé ti rí tí àwọn Khalifa àtijọ́ fi gbà fún àwọn Majuus lórí ìgbéyàwó yìí. Hasan dá a lóhùn pé torí kí a lè fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n ṣe ń san jísíyà, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ̀lé ọ̀nà, kì í ṣe láti dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ó gbà nínú wọn pé fífẹ́ ìyá ẹni dára. Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí ọwọ́ aláṣẹ dé àti ibi tí kò dé.

Ní Èkó níbí náà, ní ọdún 1900, kóòtù òyìnbó dá ẹjọ́ Asiata àti Goncallo. Baba Asiata jẹ́ Yorùbá Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Ó gbé ìyàwó níbẹ̀ ní ìlànà Islam, ó sì tún ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó padà dé Èkó, ó so yìgì pẹ̀lú ìyàwó mìíràn, ẹni tí ó bí Asiata. Nígbà tí baba kú, kóòtù ní kí Asiata bá àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ pín ogún. Àwọn adájọ́ náà kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kò sì ṣe òfin yìgì fún wa. Wọ́n bá yìgì nílẹ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ìdúró tèmi

Lójú tèmi, ẹni tí ó ni májẹ̀mú ni ó ni òfin májẹ̀mú. Yìgì jẹ́ ti Sharia. Kí Àbújá tàbí Aláùsá má ṣe fi kún un, kí wọ́n má sì yọ nínú rẹ̀, yálà ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un dùn mọ́ wa tàbí kò dùn mọ́ wa. Ìgbéyàwó kóòtù jẹ́ ti gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Àwọn tí a dìbò yàn ni kí ó máa ṣe òfin rẹ̀, kí àwa náà sì sọ tẹnu wa bí ọmọ ìlú. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti ṣọ́ ààlà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin ilé tirẹ̀ de ará ilé kejì.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé kí a wá máa wo ìwà ìbàjẹ́ níran ni? Rárá. Kí á máa wàásù, kí á máa tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà ti so. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì fi wọ́n han àwọn oníròyìn. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ mú ẹjọ́ náà kúrò nílẹ̀ nítorí pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò tẹra mọ́ ọn. Suratun-Nur ní kí ẹni tí ó bá fi àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́ mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó gba pàṣán 80. Suratul-Hujurat kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin ara wa. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ariwo ní àdúgbò pé wọ́n mú ẹnì kan, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kankan má ṣe gbé igi tàbí táyà. Kò sí àṣẹ tí ó fún yín ní iṣẹ́ yẹn, yálà ti Ọlọ́hun tàbí ti ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù, òun ni ó sì kàn wá jù. Ìwé òfin gba ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ láyè láti ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharia, ṣùgbọ́n kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tí ó ní in. Ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fúnra wa ni a fi ń rọ́gbọ́n dá a, bí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2002. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025, ariwo gba ìlú, wọ́n sì dá a dúró. Ní ilẹ̀ Yorùbá, sẹ̀ríà ti di orúkọ ìyà. Ta ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pẹ̀lú. Ọkọ tí kò san sọ̀dáàkí tí ó ṣèlérí, tí ó fi ẹnu lásán kọ ìyàwó sílẹ̀, tí kò sì bèèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ, òun náà ń túmọ̀ yìgì fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ fún ìjọba pé àwa ni a ni òfin ìgbéyàwó wa, ó di dandan kí obìnrin wa lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà lábẹ́ òfin náà, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò sá lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye ẹ̀sìn Rẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí á lè ṣe déédéé, kódà pẹ̀lú àwọn tí a kò fẹ́ràn. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ. Was-salaamu alaykum.