Ìká Fún àti Fọ́tò Tó Tẹ̀ Wá Lọ́wọ́

Nínú odù Ìká Fún, àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún gba Ilé-Ifẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ifá ní wọn yóò rí i, ṣùgbọ́n ó ka èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún sí wọn létí. Wọ́n délé tán, ohun tí Ifá ní kí wọ́n má ṣe gan-an ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́; ìkìlọ̀ tí wọ́n pa tì ló ń pa wọ́n.

Irú àwáwí bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ bi ẹni tó fi fọ́tò òkú ìjàǹbá mọ́tò ránṣẹ́ sí ẹbí, yóò ní bó ṣe tẹ òun lọ́wọ́ lòun ṣe fi ránṣẹ́.

Ọ̀kan nínú èèwọ̀ náà ni pé kí èèyàn má fún ohun tí kò mọ̀ lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ìpànìyàn ń lọ ní Ìpínlẹ̀ Plateau, fídíò burúkú kún orí Facebook, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á. BBC wádìí ọ̀kan: Congo-Brazzaville ni wọ́n ti yà á, lọ́dún 2012. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àwọn fídíò náà jáde, àwọn ọ̀dọ́ dínà ní Plateau, wọ́n fa arìnrìn-àjò jáde nínú ọkọ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Ohun tí fídíò tí BBC wádìí yẹn fi hàn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o. Ibi tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ ni irọ́. Nítorí náà, ẹ máa béèrè ibi tí fọ́tò ti wá àti ọdún tí wọ́n yà á. Google Lens lè bá yín wá a.

Èèwọ̀ tó jẹ mí lógún jù ni pé kí a má gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé ká má rẹ́ aláìlágbára jẹ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó síwájú sí i: afọ́jú kò rí àwọn tó ń wò ó. Aláìsàn tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọdé tí ìyá rẹ̀ gbé ìhòòhò rẹ̀ sórí Facebook, àwọn náà kò rí ojú tó ń wò wọ́n. Ìyọ̀ǹda wọn ni ọ̀pá wọn. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, àmọ́ ta ló fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí fọ́tò?

Síbẹ̀, bí àwọn èèyàn kò bá ya fídíò, ṣé ayé ìbá gba ohun tí àwọn ọlọ́pàá SARS ń ṣe gbọ́ lọ́dún 2020? Ifá kò ní ká dijú sí ìkà. Fídíò tó ń gbèjà ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà yàtọ̀ sí èyí tó ń fi ìyà rẹ̀ ṣe ìran wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, láti ọdún 2022 lẹ ti lágbára láti pa ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ fi síbẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lò ó.