Ohun Tó Ṣeé Ṣe fún Ọlọ́jọ́

“Àrùn ló ṣeé wò, ẹnìkan kò rí tọlọ́jọ́ ṣe.” Ìgbà tí dókítà bá ti ní kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ sílé ni a sábà máa ń gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ìwòsàn là ń wí. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di àwáwí: bí a kò bá ti lè gba ẹ̀mí ẹnìkan là, a ó rò pé kò sí nǹkan kan tó kù láti ṣe fún un títí di ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí a ó wá yọ pẹ̀lú aṣọ ẹbí, akọrin àti kánọ́pì. Èrò tèmi ni pé nínú Ìjọ Kátólíìkì, iṣẹ́ tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ ikú wà ṣáájú ìsìnkú àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ló sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe Fadá. Páríìṣì tó bá kó gbogbo agbára rẹ̀ lé ọjọ́ ìsìnkú nìkan, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìdímù, tó wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ẹ̀gbẹ́dá, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alimọ́ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìdímù wà. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó ní iye tó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ló wá láti ibòmíràn. Bí jẹjẹrẹ tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá bàbá kan dùbúlẹ̀ sínú yàrá kan nílé alájọgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wà l'Óǹdó, kí àbúrò rẹ̀ wà ní Benue, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà kí wọ́n tó jẹun. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgándò lè ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò yí i padà lórí ibùsùn ní agogo méjì ọ̀sán? Abala 529 nínú Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983 ní kí Fadá páríìṣì máa ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí ikú kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n Fadá kan tàbí méjì kò lè wọ gbogbo yàrá wọ̀nyẹn. Òróró ti Fadá ni, kò sí ẹlòmíràn tó lè fi í yan aláìsàn. Ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́, tó máa fún un lẹ́kọ, tó máa ka Sáàmù sí i létí, tó sì máa pe Fadá kí ohùn tó lọ, kò nílò oyè àlùfáà kankan.

Èyí kì í ṣe tuntun fún wa. Orúkọ Àgùdà tí à ń pe àwọn Kátólíìkì, lára àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà ni a ti rí i. Kí àwọn Fadá tó wá fìdí kalẹ̀ l'Ékòó ní 1868, ọ̀kan nínú àwọn tó ti gba òmìnira, tí ìtàn ń pè ní Padre Antonio bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà. Ní Bahia tí púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn ènìyàn dúdú ní ẹgbẹ́ inú ìjọ tí olórí iṣẹ́ wọn jẹ́ àbójútó aláìsàn, sísin òkú ọmọ ẹgbẹ́ àti gbígba Mísà fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹgbẹ́ obìnrin tí ń jẹ́ Boa Morte, ìyẹn Ikú Rere, tí ìtàn so mọ́ àwọn obìnrin Nàgó, Yorùbá bíi tiwa, ní ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha ní Salvador. Ó ṣì wà ní Cachoeira títí dòní. Ọ̀rọ̀ òkú ká àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lára débi pé ní 25 Oṣù Kẹwàá 1836, àwọn àti èrò rẹpẹtẹ rọ́ lọ ba itẹ́ òkú tuntun kan jẹ́ ní Salvador, torí pé ìjọba ti gbé ìsìnkú gbogbo ìlú lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́ fún 30 ọdún. (N kò ní kí ẹnikẹ́ni ba nǹkan jẹ́ ní Ìdímù o.) Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba òkú wọn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ikú, pé bí Fadá bá gbé òróró wọlé, ọkàn aláìsàn á já pátápátá. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ìfòróróyàn ìkẹyìn ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n láti 1963 ni Ìpàdé Ńlá Vatican Kejì ti ní orúkọ tó yẹ ẹ́ jù ni ìfòróróyàn àwọn aláìsàn, àti pé kì í ṣe ti ẹni tó ń kú lọ nìkan. Òfin Ìjọ gbà kí a ṣe é nígbà tí àìsàn tàbí ogbó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mí wewu, kí a sì tún un ṣe bí àìsàn bá le sí i. Ẹni tó dúró títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń dún kó tó pe Fadá, òun gan-an ló sọ òróró di àmì ikú. Ẹ sì má jẹ́ ká purọ́ mọ́ àṣà. Àgbà tó mọ̀ pé ọjọ́ ti ń sún mọ́lé a máa pe ọmọ jọ, a pín ogún, a parí ìjà, a súre. Ta ló wá kọ́ wa pé ká máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó mọ̀ jù wá lọ pé òun ń lọ? Ní ti àwọn tó ní kí aláìsàn fi ìrora san ẹ̀ṣẹ̀, Póòpù Pius Kejìlá ti dá wọn lóhùn ní 1957: ó tọ́ kí a fún un ní oògùn tó ń pa ìrora, bó tilẹ̀ lè dín ọjọ́ kù, bí kì í bá ti í ṣe pé a fẹ́ fi pa á.

Àtakò tó le jù, àwọn akápò ló ni ín. Ní ọ̀pọ̀ páríìṣì ní Nàìjíríà, bí òkú bá ti kú, káàdì ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè: ó san owó ìkórè, ó san owó ẹgbẹ́? Wọ́n lè ní àwọn ẹgbẹ́ Bahia pàápàá ń dáwó, pé owó iná àti dísẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀ṣì kì í san ara rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Ìrìbọmi ló sọ ènìyàn di ọmọ ìjọ. Abala 1181 ní a kò gbọdọ̀ fi ìsìnkú tó yẹ du tálákà. Abala 1184 ka àwọn tí a lè kọ̀ láti sin. Kò dárúkọ ajigbèsè níbẹ̀. Àti pé òkú kì í san gbèsè, opó ni wọ́n ń fún lọ́rùn. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí kò yọjú fún ọdún méjì lè jẹ́ ẹni tó ti wà lórí ibùsùn fún ọdún méjì. Káàdì òfìfo yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọ ni kò wá a, kì í ṣe pé òun ni kò wá ìjọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ńkọ́? “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” ń bá kánọ́pì ká nílẹ̀. Ní oṣù kẹta, owó ilé dé, owó ilé-ìwé dé, àwọn ará ọkọ sì ti ń bèèrè ìwé ilẹ̀. Wọ́n á ní ti ẹbí nìyẹn, kí ìjọ má tojú bọ̀ ọ́. Ẹbí wo? Èyí tó wà lókèèrè ni àbí èyí tó ń bèèrè ìwé ilẹ̀? Ẹgbẹ́ St Vincent de Paul, tí Frédéric Ozanam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ilé aláìní gan-an ni wọ́n ń lọ, níbi tí ènìyàn ti lè rí i pé ìkòkò ṣófo. N kò fojú kéré Mísà fún òkú. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n opó tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí à ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ kó tún padà sílé bó ṣe wá.

Ní 2 Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìrántí gbogbo òkú onígbàgbọ́, a ó tún kọ orúkọ àwọn òkú wa sínú àpòòwé, a ó gbé wọn sídìí pẹpẹ. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń darí àwùjọ àdúgbò ní Ìdímù: ẹ mú ìwé kejì dání lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà lórí ibùsùn àìsàn ní òpópónà yín, àti ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́dún yìí. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa lọ kí wọn lọ́sẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.