Ọwọ́ Tí Ń Fúnni Ní Í Wà Lókè, Àbí Bẹ́ẹ̀ Kọ́?

Nínú ìpàdé àdúrà ẹgbẹ́ ìdàpọ̀ wa, àdúrà kan wà tí "Àmín" rẹ̀ máa ń mi ilé. Òun ni àdúrà pé kí Olúwa fi wá ṣe ẹni tí yóò máa fúnni, kí ó má fi wá ṣe ẹni tí yóò máa tọrọ. Inú Deutarónómì orí 28 ni a ti fà á yọ, níbi tí Mósè ti ṣèlérí fún Ísírẹ́lì pé àwọn ni yóò máa wín àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lówó. Àwọn àgbà wa náà sì ti sọ ọ́: ọwọ́ tí ń fúnni ní í wà lókè. N kò bá àdúrà náà jà. Ẹni tí ìṣẹ́ ti ṣẹ́ rí mọ ìdí tí a fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á jọ ro ìbéèrè kan. Bí ọwọ́ tiwa bá wà lókè ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ ta ni yóò máa wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà? Ǹjẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nísàlẹ̀ rí lè gbà pé lóòótọ́ ni a fẹ́ràn òun?

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń súnmọ́lé, ẹgbẹ́ ìdàpọ̀ gbogbo a máa múra ìrìn-àjò ìhìnrere. A ó dá owó jọ, a ó kó aṣọ jọ, a ó ra Indomie ní páálí-páálí, a ó háyà bọ́ọ̀sì. Àwọn kan á lọ sí abúlé tó wà nítòsí, àwọn mìíràn á sọdá ibodè lọ sí Benin, Togo tàbí Niger. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n èmi ti wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀. Mo ti wà lára àwọn tí a kó ẹrù lọ bá, mo sì ti wà lára àwọn tó kó ẹrù lọ. Ohun tí mo rí ní ẹ̀gbẹ́ kìíní ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ali Kazaure ni wọ́n bí mi sí, ní Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau. Bàbá mi àgbà ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣe nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà ń pe èrò sí Jos. Rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ti kọjá kí wọ́n tó bí mi. Ti ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2008, lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, bá mi ní kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti oṣù kìíní ọdún 2010 dé, mo ti pé ọmọ ọdún méje, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. A sá kúrò nílé, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ni a sì ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ wá. Ẹgbẹ́ kan ti ìlú mìíràn wá, wọ́n kó ìrẹsì àti aṣọ wá. A tò. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e mọ́ àyà, kí ó kọjú sí kámẹ́rà. Bí ọmọdé bá wo ilẹ̀, wọ́n á ní kí ó gbójú sókè. N kò ní purọ́ pé ìrẹsì náà kò wúlò. Ebi ń pa wá, a jẹ ẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni màámi, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ti jóná. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n kó wá tóbi ju àwọn ọmọ lọ, bọ́tìnnì àwọn mìíràn sì ti já. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá abẹ́rẹ́ àti òwú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí màámi jókòó kí wọ́n sinmi, pé àwọn ló wá sìn wọ́n.

Nínú gbogbo àwọn tó wá lákòókò náà, ẹnì kan ṣoṣo ni màámi ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ohun tí ìyá náà mú wá kò sì tó nǹkan. Apá bùbá wọn ya nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n béèrè bóyá a rí ẹni tó lè bá wọn rán an. Màámi yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀, wọ́n sì rán an. Màámi a máa sọ pé, "Ọjọ́ yẹn ni mo tó rántí pé télọ̀ ni mí."

Ẹ wá jẹ́ kí á wo Olúwa wa fúnra rẹ̀. Nínú Jòhánù orí 4, ó ní omi ìyè tí yóò fún obìnrin ará Samáríà. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ omi tirẹ̀ rárá, omi ló kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ obìnrin náà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní tòótọ́, obìnrin náà ló sì ní ìkòkò. Nínú Lúùkù orí 10, nígbà tí ó rán àwọn àádọ́rin jáde, ó ní kí wọ́n má mú àpò owó lọ, kí wọ́n wọ ilé tó bá gbà wọ́n, kí wọ́n sì jẹ ohun tí onílé bá gbé síwájú wọn. N kò rò pé Olúwa gbàgbé láti fún wọn lówó ọ̀nà ni. Ó rán wọn bí ẹni tí yóò nílò ilé tí ó fẹ́ wàásù nínú rẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di pé kí ajíhìnrere tó dé, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 20 pé Jésù fúnra rẹ̀ wí pé ìbùkún wà nínú fífúnni ju gbígbà lọ." Òótọ́ ni. Jákọ́bù orí 2 náà bá ẹni tó ń fi ẹnu lásán kí ẹni tí ebi ń pa wí. Nítorí náà n kò sọ pé kí á lọ lọ́wọ́ òfo sí ibi tí ebi wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìbùkún bá wà nínú fífúnni tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fẹ́ kó gbogbo ìbùkún náà fún ara wa? Bí a bá fẹ́ràn opó ní tòótọ́, ṣé a kò ní fẹ́ kí òun náà tọ́ adùn fífúnni wò?

Ìgbà tí èmi náà di ẹni tó ń kó ẹrù lọ ni ìbéèrè yìí wá le fún mi. Ṣáájú kí wọ́n tó ti ibodè ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ wa rán àwa mẹ́sàn-án lọ sí ẹkùn Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger. Láti nǹkan bí ọdún 2019 ni àwọn ará Sókótó, Zamfara àti Katsina tí àwọn agbébọn lé kúrò lábúlé wọn ti ń sá sọdá síbẹ̀. Wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn kúrò létí ibodè lọ sí àwọn abúlé bíi Garin Kaka, Chadakori àti Dan Dadji Makaou. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: a sọdá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ wa la lọ bá níbẹ̀ tó di ogúnléndé. Hausa tí mo gbọ́ láti Ali Kazaure ló sọ mí di ògbufọ̀.

Òfin kan wà nínú ìwé ìlànà wa: a kò gbọ́dọ̀ jẹ tàbí mu ohunkóhun lọ́dọ̀ wọn. Ìdí méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé kí a má baà kó àrùn, àti pé kò yẹ kí a dín oúnjẹ aláìní kù. Méjèèjì mọ́gbọ́n dání. Ní tèmi, ìdí kẹta wà tí kò sí nínú ìwé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún mi ní àdúgbò wa pé kí n má jẹ oúnjẹ ẹni tí ẹ̀sìn wa kò pa pọ̀, pé ta ni mọ ohun tí wọ́n fi sí i.

Lọ́jọ́ kejì tí a ti ń pín kúbùsù, opó kan tó jẹ́ Mùsùlùmí gbé igbá fúrá wá fún wa. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa dúpẹ́, ó sì mi orí. Opó náà kọjú sí mi, ó ní, "Sọ fún wọn pé a kì í jẹ́ kí àlejò lọ lẹ́nu gbígbẹ. Àbí nítorí pé tapólì ni mo fi bo ilé mi, kì í ṣe ilé mọ́ ni?" Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó gba igbá náà, ó sì mu. Èmi ni mo mu tẹ̀lé e.

Títí di ìgbà yẹn, "ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín" nìkan la ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí a mu fúrá tán, opó náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ̀rọ̀ bí onílé ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá afọ́jú kan wà ní ìpẹ̀kun abúlé tí kò lè wá tò. Ó ní àwọn kan ti gba kúbùsù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò sì sí nínú ìwé orúkọ wa rárá. Ó wá bi wá léèrè ohun tó gbé wa kúrò ní Jos wá síbẹ̀. A sọ fún un. N kò tíì rí ibi tí a ti jẹ́rìí Olúwa tí ara tù wá tó bẹ́ẹ̀, nítorí onílé ló béèrè.

Mo mọ ohun tí ó lè máa kọ àwọn kan lóminú báyìí. Ṣé kò burú láti jẹ lọ́dọ̀ opó? Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 17, Ọlọ́run rán Èlíjà kọjá ibodè lọ sí Sáréfátì ti Sídónì, ó sì tọrọ àkàrà lọ́wọ́ opó tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń fi ìtàn yìí gba owó tó kù lọ́wọ́ opó lórúkọ irúgbìn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà parí. Èlíjà kò gba àkàrà kí ó wọ mọ́tò lọ. Ó dúró nínú ilé náà. Inú ìkòkò ìyẹ̀fun kan náà ni òun àti opó náà àti ọmọ rẹ̀ ti jọ ń jẹ. Bí ìyẹ̀fun náà bá tán, ebi ni ìbá pa òun náà. Nígbà tí ọmọ náà kú, ọrùn Èlíjà ni ẹkún rẹ̀ wà. Ìwọ̀n tí mo rò pé a lè fi mọ olóòótọ́ nìyí: ẹni tí yóò bá jẹ nínú oúnjẹ opó, ó gbọ́dọ̀ ṣetán láti bá a pín nínú ebi rẹ̀. Ẹni tó bá gba àkàrà tó kọ ebi, olè ni. Ẹni tó bá sì fúnni ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti bá wọn jókòó, kò tíì dé ilé wọn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa ní Jos. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bingham tó wà ní Jankwano ń jẹ́ orúkọ Rowland Bingham, ẹni tó gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Walter Gowans àti Thomas Kent ní oṣù kejìlá ọdún 1893. Ọmọ ogún ọdún ni Bingham nígbà náà, irú ọjọ́ orí tiwa yìí. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú sí òkè lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, ọwọ́ ará ìlú ni oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ wà. Láti inú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni ìjọ ECWA ti jáde, Jos sì ni olú-ilé rẹ̀ wà. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí àwọn ìlú òkè Ọya náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ Hausa, wọ́n sì jókòó. Oníṣòwò kò lè fojú tín-ín-rín ẹni tí ó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìdánwò ń dúró dè wá, a kò sì lè jókòó fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tó láti tọrọ omi. Kí á tó ra ẹrù, ẹ jẹ́ kí á bi àwọn tí à ń lọ bá léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kí á sì mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání fún télọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi kámẹ́rà sínú àpò. Ní ti ìlera, dókítà lè kọ́ wa ní ohun tí a lè jẹ láìséwu, ìyẹn sàn ju kí á sá fún gbogbo igbá lọ. Nígbà tí a bá sì padà dé láti jẹ́rìí, kí á má kà iye páálí tí a pín nìkan. Kí á sọ ohun tí wọ́n fún wa pẹ̀lú, kí á sì dárúkọ ẹni tó fún wa.

Kí Olúwa ṣe wá ní ẹni tí ń fúnni. Kí ó sì fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ tí yóò jẹ́ kí á lè na ọwọ́, kí á gba igbá lọ́wọ́ ẹni tí a rò pé kò ní nǹkan kan. Àmín.