Ẹni Tí A Jọ Kírun, Ǹjẹ́ A Mọ Ilé Rẹ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a pè yín, a sì pe ara wa, sí ìbẹ̀rù Rẹ̀.

Ní Iyansan yìí, èjìká wa a máa kan ara wọn ní sàfù. Bí a bá ti sálámà, oníkálùkù a gba ilé lọ. Bí àìsàn bá dá ẹni ẹ̀gbẹ́ wa dúbúlẹ̀, àwa mélòó ni a mọ ilé rẹ̀? Àlejò tí iṣẹ́ gbé wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ta ni yóò fẹ̀yìn tì?

Ní ọdún 5 Hijira, nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ wá dó ti Mọdínà, Salman ará Páṣíà, àlejò tí kò ní ìbátan ní ìlú náà, ni ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Ànábì fúnra rẹ̀ ru erùpẹ̀. Ìtàn sọ pé bí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn tí ó ṣí wá láti Mẹ́kà àti àwọn onílùú bẹ̀rẹ̀ sí í du Salman mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn baba wa náà mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró. Nítorí náà, lọ́la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ jẹ́ kí a mú àdá àti ọkọ́ lọ ro itẹ́ òkú wa. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ó jọ jẹ púpúrù lábẹ́ igi. Kí oníkálùkù béèrè orúkọ àti ilé ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí ìjókòó náà di ti òfófó.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàárín wa. Àmín.